Àdùkẹ́, bá mi pe Bàbá

Ìṣẹ́yìn,
Ọjọ́bọ̀, lálẹ́.

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o, ìwọ àti àwọn ará ilé. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Mo fẹ́ pè ọ́ padà, àmọ́ káàdì á tán kí n tó débi tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo bá mú bírò.

Ọ̀rọ̀ ìyọkúrò náà ni, èyí tó dà wá láàmú nígbà tí a wà ní TP, nígbà tí wọ́n rán wa lọ sí iléèwé láti fi kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn ọmọ Praimárì Kẹta mi jẹ́ 54 nínú kíláàsì kan. Tí mo bá kọ 43 – 17 sójú pátákó, wọn á pariwo pé "a ò lè yọ méje nínú mẹ́ta, ẹ jẹ́ ká yá ọ̀kan lọ́wọ́ aládùúgbò", bí ẹni ń kọrin. Lẹ́yìn náà, wọn á kọ 34. Wọ́n yọ mẹ́ta nínú méje, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi.

Ní sáà tó kọjá, mo ra ọwọ̀ mẹ́ta lọ́jà, mo tú wọn palẹ̀, mo gé igi wọn kéékèèké, àwọn ọmọ sì bá mi fi rọ́bà dì í ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ìyẹn ni igun àkọ́kọ́ nínú kíláàsì. Igun kejì ni ti ìdérí mínírà tí mo ń ṣà lẹ́yìn ìnáwó: a kọ nọ́ńbà sínú wọn, a dojú wọn délẹ̀, ọmọ á ṣí méjì, bí méjèèjì bá di mẹ́wàá, ó ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Igun kẹta ni ọjà wa. Gààrì, agolo mílíìkì, kóńgò kan, owó tí a fi páálí gé. Igun kẹrin ni ayò, n ó padà sórí ìyẹn.

Ọmọ kan wà tí kì í lanu sọ̀rọ̀ tí a bá ń ṣe ìṣirò. Mo ní kó lọ fi igi ọwọ̀ ṣe 43 – 17 yẹn. Ó kó ìdì mẹ́rin àti ẹyọ igi mẹ́ta síwájú. Ó wò ó títí. Ó wá fi eyín já rọ́bà kan, ó da igi mẹ́wàá yẹn mọ́ mẹ́ta, ó ka méje kúrò, ó sì ti odidi ìdì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Àǹtí, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ṣùgbọ́n mi ò yá nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdì tèmi ni mo tú."

Omi bọ́ lójú mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó lọ yá.

Àmọ́ inú ọ̀gá wa kò dùn. Òbí kan wá fẹjọ́ sùn pé ọmọ òun ń délé sọ̀rọ̀ ayò, kò sì sí ìṣirò nínú ìwé rẹ̀. Ọ̀gá wa ní eré ni mo ń fi ọmọ ṣe. Mo rán wọn létí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ènìyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò fún odidi ọdún mẹ́fà. Wọ́n ní ayé ìgbà yẹn yàtọ̀. Àwọn òbí ń bọ̀ wá ṣe ìpàdé ní Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí wọn ò bá fara mọ́ ọn, kí n kó gbogbo igun mi kúrò. Oorun ò kùn mí mọ́.

Eyín ọmọ mi kékeré ti yọ, a ti kan páànù tí atẹ́gùn ṣí, owó oṣù sì wọlé lánàá. Ọpẹ́ ni.

Ohun tó ń ká mi lára ni pé ìyọkúrò ló wà lẹ́nu àwọn òbí wọ̀nyí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ta ló ń pe mẹ́tàdínlógún tí kò yọ mẹ́ta nínú ogún? Wo márùndínláàádọ́ta: a mú márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta, àádọ́ta fúnra rẹ̀ sì rèé, ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá nínú rẹ̀ ni. Ayò ńkọ́? Ilé méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin, 48. Ọmọ tó bá ti jẹ 25, kò nílò pátákó kó tó mọ̀ pé ẹnìkejì ò lè bá òun mọ́.

Ọpọ́n ayò tó wà ní kíláàsì mi, ti Bàbá ni. Bàbá tiwa. Mo lọ kí wọn, wọ́n gbé e fún mi, wọ́n ní, "Máa mú u lọ. Ta ni mo tún fẹ́ bá ta á?" Àtìgbà tí Màmá ti lọ, abẹ́ ibùsùn ló wà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá lọ́jọ́ ìpàdé, kí wọ́n bá àwọn ọmọ ta ayò lójú àwọn òbí wọn. Wọ́n ní ẹni tó fi gbogbo ayé hun òfì kò ní iṣẹ́ kankan ní ilé-ìwé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ.

Àdùkẹ́, bá mi pè wọ́n. Wọn ò ní kọ̀ fún ọ. Bí wọ́n bá jókòó sídìí ọpọ́n yẹn, kò sí òbí tó máa pè é ní eré ní Ìṣẹ́yìn yìí. Àti pé wọ́n ti rù díẹ̀. Mi ò fẹ́ kí àyà rẹ já, oúnjẹ tí mo gbé lọ, wọ́n jẹ ẹ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n máa pè wọ́n láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni ilé máa ń dá jù.

Ọmọ tó tú ìdì yẹn bi mí lánàá pé ta ló fi ọ̀bẹ kọ "A" sí ẹ̀yìn ọpọ́n. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ní ṣé ó mọ̀ ọ́n ta? Mo ní títí o fi wọ ọkọ̀ òfuurufú, mi ò jẹ ọ́ rí.

Èmi ni tìrẹ,
Àjọkẹ́