Nípa owó ọ́kẹ́sírà yín

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ibi tó sì dùn mí jù níbẹ̀ ni ibi tí àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ yín ti ń sọ pé bí ọ́kẹ́sírà, ìyẹn ẹgbẹ́ ńlá àwọn olórin tó ń lo onírúurú ohun èlò, bá dára lóòótọ́, owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹ kó tó gbọ́ bùkátà rẹ̀. Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn bà ọ́ lọ́kàn jẹ́. Láti 1966 ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì ní Amẹ́ríkà, William Baumol àti William Bowen, ti ṣàlàyé ìdí tí owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í fi í tó. Ẹni tó ń ṣe bàtà lè ra ẹ̀rọ, kó máa ṣe ìlọ́po iye tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n orin tí Beethoven, ará Jámánì tó ń ṣẹ̀dá orin láyé àtijọ́, kọ fún èèyàn mẹ́rin, èèyàn mẹ́rin náà ni yóò ta á lónìí, kò sì ní yá ju bó ṣe ń yá láyé ìgbà yẹn. Owó iṣẹ́ ń gòkè, orin ò ṣeé sáré ṣe. Àìmọ̀ọ́ṣe yín kọ́ ló fa àlàfo tó wà láàárín owó tíkẹ́ẹ̀tì àti ìnáwó yín.

Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ gan-an rèé: ẹ má tọrọ owó fún ọ́kẹ́sírà mọ́. Orúkọ yẹn ti tóbi jù, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ bà á. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí olúkúlùkù mú ibi tí agbára rẹ̀ ká, kó sì lè sọ pé tòun nìyí.

Ohun èlò ni àwa fi bẹ̀rẹ̀. A kọ gbogbo ohun tó ń jẹ owó sílẹ̀: awọ ìlù tìńpánì, okùn sẹ́lò (ohun èlò olókùn tó dà bíi faolíìnì ńlá), irun ìrù ẹṣin tó wà lára ọ̀pá faolíìnì, títí dé ahọ́n kékeré tó wà lẹ́nu fèrè óbò, èyí tí kì í pẹ́ gbó. A ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀kan ṣọmọ fún ọdún kan. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká sẹ́lò lè gba okùn rẹ̀ kan. Orúkọ onítọ̀hún á wà nínú ìwé ètò, olórin tó ń lo ohun èlò náà á sì pè é wá síbi ìdánrawò, á jẹ́ kó gbé e dání. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń yí padà, ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tó ti gbé sẹ́lò lọ́wọ́ á máa béèrè àlàáfíà rẹ̀ nígbàkígbà tó bá rí ẹ.

Ṣùgbọ́n rọra níbẹ̀ yẹn. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn faolíìnì, kò sẹ́ni tó ń dù láti san owó iná gbọ̀ngàn. Bí ẹnì kan bá sì ti sọ ohun tí owó òun wà fún, ohun náà lẹ gbọ́dọ̀ ná an sí, bí onígbọ̀ngàn tiẹ̀ ń lé yín kiri. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìpín gbọ̀ngàn, ti àtúnṣe àti ti àwọn olórin kún iye tí ẹ bá bù lé ohun èlò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ síta gbangba pé ẹ ti fi kún un.

Èyí tó wù mí jù ni orin tuntun. Ẹ ní kí ẹnì kan ṣẹ̀dá orin fún yín, kí ẹ wá ta á fún ará ìlú kó tó parí, apá kéékèèké tí wọ́n ń pín orin sí lórí ìwé, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹbí kan lè ra ibi tí fèrè ti kọ́kọ́ wọlé, ní ìrántí ìyá wọn tó ti lọ. Ṣé o rò pé irú ẹbí bẹ́ẹ̀ á jókòó sílé lálẹ́ ọjọ́ eré? Kì í ṣe àṣà tuntun pátápátá o. Ẹgbẹ́ Philharmonic ti London, tí àwọn olórin dá sílẹ̀ ní 1813, owó tí àwọn èèyàn ń dá ló gbé e ró. Ní 1822 ni wọ́n gbà láti fún Beethoven ní 50 pọ́n-ùn fún símfónì kan, ìyẹn orin gígùn fún ọ́kẹ́sírà, Ìkẹsàn-án nínú àwọn símfónì rẹ̀ ló sì fi ránṣẹ́ sí wọn.

Ẹ tún lè fi ọ̀pá olùdarí ṣe gbàǹjo, kí ẹni tí owó rẹ̀ bá ga jù wá darí orin kúkurú kan tí gbogbo ayé mọ̀. Bí olówó kan bá sì fẹ́ ta yín lọ́rẹ ńlá, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ́ di ìlérí: iye tí ará ìlú bá dá kí ọjọ́ báyìí tó pé, òun á fi irú rẹ̀ kún un.

Ẹni tó bá ní ìwọ̀sí lèyí jẹ́ fún orin gidi, sọ ti Handel, ẹni tó ṣẹ̀dá orin ńlá tó ń jẹ́ Messiah, fún un. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kọ orin náà fún èrò ní Dublin, ní Ireland, ní 1742, tí wọ́n fẹ́ fi owó rẹ̀ tú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n nítorí gbèsè sílẹ̀, kí wọ́n sì ran ilé ìwòsàn méjì lọ́wọ́, wọ́n bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n má wọ ẹgba tó ń mú kí aṣọ wọn fẹ̀, wọ́n sì bẹ àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n fi idà wọn sílé, kí àyè lè gba èrò sí i. Nǹkan bí 700 èèyàn ló wọlé.

Kí olórin fúnra rẹ̀ fọwọ́ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́, ẹ má dá a dá akápò. Kí ẹ sì tọ́jú orúkọ gbogbo ẹni tó bá dáwó, bó ti wù kó kéré tó.

Fi orúkọ àwọn ohun èlò yín ránṣẹ́ sí mi kí ìgbìmọ̀ tó tún jókòó, kí n bá ọ bu iye lé wọn. Mo fẹ́ gba ọ̀kan ṣọmọ níbẹ̀. Ìwọ ni kí o yàn án fún mi, kí o sì sọ orúkọ ẹni tó ń lò ó fún mi.

Èmi ni tìrẹ,
Ọ̀rẹ́ rẹ