Ẹ Má Rọ Epo Pupa fún Ajá Tó Lá Izal

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ ajá la fẹ́ kí ẹ bá wa gbé síwájú àwọn òǹkàwé yín, pàápàá àwọn tó ń fi Izal, Hypo tàbí kọ́sítíkì sódà tún ilé ṣe nínú àgbàlá tí ajá ń gbé. Bí ajá bá lá ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí, epo pupa ni ọ̀pọ̀ ìdílé kọ́kọ́ ń sáré wá. Wọ́n á ya ajá lẹ́nu, wọ́n á da epo sí i lọ́fun, wọ́n á fi odidi mílíìkì agolo tẹ̀ lé e. Epo yìí kì í pa oró náà. Wàhálà tuntun ló máa ń dá kún èyí tó wà nílẹ̀, a sì ń bẹ gbogbo olóhun ọ̀sìn pé kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀.

Kọ́sítíkì àti oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa ń bó ahọ́n àti ọ̀nà ọ̀fun. Ajá tí ọ̀fun rẹ̀ ti bó kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, nítorí náà epo tí ẹ dà sí i lẹ́nu lè yà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Bó bá jẹ́ omi ló ṣèèṣì gba ibẹ̀, ajá á wúkọ́, ẹ̀yin náà á mọ̀. Epo kì í mú un wúkọ́ tó bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń rọra yọ́ wọlé. Lẹ́yìn ọjọ́ 2 tàbí 3, ara ajá á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, á máa mí kíákíá, kò ní jẹun mọ́, wọ́n á sì rò pé Izal ló ṣì ń bá a jà. Tí epo bá tún mú un bì, ohun tó jó ọ̀fun rẹ̀ nígbà tó ń wọlé á tún jó o nígbà tó ń jáde. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fún un ní omi iyọ̀, tàbí kó ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ti kẹrosíìnì náà kò yàtọ̀, torí nígbà tí ajá bá ń bì í gan-an ló ń rọrùn fún un láti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀dú lílọ̀ kò wúlò fún kọ́sítíkì, kò lè fà á mọ́ra, dúdú rẹ̀ á sì bo egbò tí dókítà ẹranko fẹ́ yẹ̀ wò. Bó bá sì jẹ́ kánfọ̀ tí a ń fi sáàárín aṣọ ni ajá gbé mì, epo àti mílíìkì á tètè bá a tàn ká ara ni.

Omi ni kí ẹ wá. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tàbí kí ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́, ẹ tẹ orí ajá sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ máa da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kó máa ṣàn jáde, kó má baà gba ọ̀fun. Ẹ ṣe é tó ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà, bí ojú rẹ̀ bá dá tó sì lè gbé nǹkan mì fúnra rẹ̀, ẹ fún un ní omi mu, mílílítà 2 sí 6 fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀n. Ajá kìlógíráàmù 10 á mu mílílítà 20 sí 60, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí omi púpọ̀ lè mú un bì. Bó bá ń gbọ̀n tàbí tó ti dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Bó bá ta sí i lójú, omi tó mọ́ náà ni, ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí Izal bá dà sí i lára, ẹ fi ọṣẹ ìfọbọ́ olómi fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án títí òórùn rẹ̀ á fi lọ, kí ẹ sì wọ ẹ̀wù àtijọ́ kan fún un kó má baà lá ara rẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ má sọ pé kò ṣe é ní nǹkan kan torí pé ẹnu rẹ̀ kò tíì bó. Egbò ẹnu lè má hàn títí wákàtí 12 á fi kọjá. Itọ́ tó ń dà wààwàà, àtẹ́lẹsẹ̀ tó fi ń nu ẹnu, ahọ́n tó pupa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tàbí tó ní àmì funfun, oúnjẹ tó gbóòórùn tó sì pa dà lẹ́yìn rẹ̀: àwọn wọ̀nyí ló máa ń ṣáájú. Ti Izal lè mú un gbọ̀n, kó rẹ̀ ẹ́, kí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú.

Àṣà fífi Izal wẹ ajá nítorí eégbọn náà kò dára. Phenol, ìyẹn kẹ́míkà apakòkòrò tó wà nínú rẹ̀, ń gba awọ wọlé, ajá á sì tún fi ahọ́n lá ìyókù lára irun rẹ̀. Ẹ kán díẹ̀ nínú apakòkòrò yòówù tí ẹ ní nílé sínú ife omi: èyí tó bá funfun bíi wàrà lójú ẹsẹ̀, phenol tàbí òróró igi páìnì ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Dettol olómi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, chloroxylenol, tó jẹ́ irú phenol kan, ló wà nínú rẹ̀ ní 4.8%. Ẹ má fi wọ́n wẹ ajá. Ti ológbò tún burú ju ti ajá lọ, torí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lágbára láti tú phenol palẹ̀. Oògùn eégbọn tí wọ́n ṣe fún ajá wà, òun ni kí ẹ rà.

Lórí fífọ ilé ajá, Hypo dára ju Izal lọ, pàápàá níbi tí ajá tó ní parvo, àrùn tó ń ran ajá tó sì ń mú un bì kó sì máa yàgbẹ́ gbuuru, ti sùn rí. Izal àti Dettol kò ṣeé gbọ́kàn lé láti pa parvo. Àmọ́ Hypo kò gbọ́dọ̀ pàdé ìtọ̀. Bí ẹ bá dà á lé ìtọ̀ ajá tó ti dúró, gáàsì tó ń ta ojú àti ọ̀nà ọ̀fun ló ń jáde, ajá tí wọ́n so mọ́ ibẹ̀ kò sì rí ibi sá sí. Bó bá pàdé oògùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ásíìdì, gáàsì ibẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ mú ajá kúrò, ẹ gbá ìgbẹ́, ẹ fi omi púpọ̀ ṣan ìtọ̀ dànù, ẹ fi ọṣẹ fọ ilẹ̀, ẹ tún ṣan án. Hypo kì í ríṣẹ́ ṣe lórí ìdọ̀tí. Bí ara ìgò bá kọ ọ́ pé sodium hypochlorite 3.5% ni, ìdajì lítà sínú omi lítà 10 ló tó fún parvo. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ tutù pẹ̀lú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ ṣan án, kó sì gbẹ kí ajá tó pa dà, torí èyí tó bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀, yóò lá a bó bá dùbúlẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá pò ó ni kí ẹ lò ó. Ẹ da ìyókù nù, ẹ má fi sílẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ajá tí abọ́ omi rẹ̀ gbẹ lè mu ún. Lóòótọ́, èyí tí a ti fi omi là bẹ́ẹ̀ kì í sábà pa ajá, ó kàn lè mú un bì ni, ṣùgbọ́n ti inú ìgò lè bó o lẹ́nu.

Ẹ̀bẹ̀ kan la ní sí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ olómi, Izal àti Hypo, tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò omi àti ìgò ẹlẹ́rìndòdò tà lọ́jà. Ẹ lẹ bébà mọ́ ìgò, kí ẹ kọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti bó ṣe lágbára tó sí i, ní èdè Yorùbá. Dókítà ẹranko tí wọ́n gbé ajá wá bá ní láti mọ̀ bóyá ásíìdì ni, kọ́sítíkì ni, tàbí phenol, torí ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ajá náà, ẹ gbé ìgò ọ̀hún dání bí ẹ bá ń bọ̀, kódà bí kò bá sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.

Àwa tí a ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn,
Ìbàdàn.