Afẹ́fẹ́ inú yàrá ìtọ́jú eyín

Sí Olóòtú,

Láìpẹ́ yìí, mo mú ìyá mi, ẹni ọdún 81, lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín ní Abẹ́òkúta níbí. Ẹni tó ṣáájú wa kò tíì kúrò lórí àga tó ìṣẹ́jú 5 tí wọ́n fi pè wá wọlé. Wọ́n nu àga, wọ́n pààrọ̀ ìbọ̀wọ́, irinṣẹ́ tí wọ́n ti sè ni wọ́n sì kó jáde. Mo yìn wọ́n fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo fèrèsé ló wà ní títì, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣí ọ̀kan, wọ́n ní eruku yóò wọlé.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín máa ń yí tó ìgbà 300,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, omi sì ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ kí eyín má baà gbóná. Omi yìí a pò mọ́ itọ́ àti ẹ̀jẹ̀, a sì fọ́n ká. Èyí tó tóbi nínú rẹ̀ a bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kéré tí ojú kò lè rí a máa fò kiri inú yàrá lẹ́yìn tí aláìsàn ti lọ sílé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ha ìdọ̀tí ara eyín tilẹ̀ tún ń fọ́n ọn ká gidigidi. Bí ẹni tó kọ́kọ́ jókòó bá ní ikọ́ ife tàbí àrùn Kòrónà láìmọ̀, ẹni tó tẹ̀lé e lè fà á símú. Amúlétutù tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa kì í sì í mú afẹ́fẹ́ wọlé láti ìta, èyí tó wà nínú yàrá náà ló ń tú padà. Àwa ará Ògùn kò gbọdọ̀ gbàgbé pé Ewékorò tó wà nítòsí wa ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní Kòrónà ní Nàìjíríà wà ní oṣù kejì ọdún 2020 kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é.

Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bí afẹ́fẹ́ yàrá bá ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 46 ni yóò gbà kí ìdá 99 nínú 100 ohun tó ń fò nínú rẹ̀ tó kúrò. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀méjìlá, ìṣẹ́jú 23. Ìṣẹ́jú 5 pẹ̀lú fèrèsé títì kò tó rárá. Ẹ̀rọ tó ń fa omi lẹ́nu kíkankíkan, rọ́bà tí wọ́n fi ń ya eyín sọ́tọ̀ àti ìbòmú N95 tó ń sẹ́ ohun kéékèèké inú afẹ́fẹ́ fún òṣìṣẹ́ náà ṣe pàtàkì.

Mo bẹ Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìlera Ìpínlẹ̀ Ògùn pé, nígbà tí wọ́n bá ń ṣàbẹ̀wò sí àwọn ibi ìtọ́jú eyín, kí wọ́n wo fèrèsé wọn, kí wọ́n sì béèrè iye ìṣẹ́jú tó wà láàárín aláìsàn kan sí èkejì.

Èmi ni,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.