Ẹ má pe gbogbo rẹ̀ ní ‘accident’ mọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì kan n'Ìbàdàn, ìròyìn ọkọ̀ tó gbókìtì ni mo sì kọ́kọ́ máa ń wá nínú ìwé ìròyìn.

Inú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan ni mo ti ka èyí tó mú mi kọ lẹ́tà yìí. Wọ́n pè é ní “lone accident”. Wọ́n ní táyà bẹ́, ọkọ̀ wọgbó, èèyàn méjì kú. Ó parí síbẹ̀. Mo mọ ọkọ̀ náà. Ọjọ́ tó ṣáájú ni awakọ̀ rẹ̀ ní kí n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà ẹ̀yìn. Wáyà ti yọ síta lára rẹ̀ bí egungun ẹja. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, 1409: ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2009 ni wọ́n ṣe é. Mo ní, “Dẹ́rẹ́bà, táyà yìí ò lè dé Ṣàgámù.” Ó ní, “Bàbá, ẹ ṣáà fẹ́ ẹ, Ọlọ́run ń bẹ.” Mo fẹ́ ẹ. Títí di òní ló ń dùn mí.

Ta ló ni ọkọ̀? Ta ló ra táyà tòkunbọ̀ yẹn? Ta ló jẹ́ kó jáde ní gáréèjì? Kò sẹ́ni tó béèrè, torí bí wọ́n bá ti ní ‘accident’, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn Yorùbá náà wá ń pè é ní “ìjàm̀bá ọkọ̀”, àfi bí ẹni pé kò sọ́wọ́ ẹnì kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ nílé wa, jàm̀bá ní ẹni tó ń ṣe é. Bí ẹnìkan bá ní wọ́n ṣe òun ní jàm̀bá, ohun tí a ó bi í ni pé, “Ta ni?” Oníjàm̀bá, èèyàn ni. Gẹ̀ẹ́sì ló bá wa pa ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mọ́.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn sì ti ń fi ‘accident’ sílẹ̀. BMJ, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ní ilẹ̀ wọn, fòfin dè é ní 2001. Ní 2016, ilé iṣẹ́ ìròyìn AP ti Amẹ́ríkà ní kí àwọn akọ̀ròyìn yẹra fún un níbi tí wọ́n bá ti ń sọ pé ẹnìkan ló jẹ̀bi. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tiwa gan-an, “crash” ni wọ́n ń kọ.

Àgbákò wà o. Igi lè wó lu ọkọ̀ ẹni tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ kọ ọ́ nígbà náà pé igi ló wó. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá sá àsápajúdé, ẹ kọ ọ́. Bí táyà bá ti gbó kó tó bẹ́, ẹ kọ ìyẹn náà. Bí ẹ ò bá tíì mọ̀dí rẹ̀, ẹ ní ọkọ̀ wọgbó, kí ẹ sì padà lọ béèrè lọ́sẹ̀ kejì. Kí akọ̀ròyìn yín tó kúrò níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kó bẹ̀rẹ̀ ka nọ́ńbà mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ táyà. Ó sábà máa ń ṣẹ́kù síbẹ̀, kódà bí táyà bá ti fàya.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Onítáyà, Ìbàdàn