Dúróà tó ń wó lu ọmọ

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ dúróà aṣọ yìí ló ń ká mi lára. Lọ́dún 2016 IKEA, ilé iṣẹ́ tó ń ta àga, tábìlì àti irú dúróà bẹ́ẹ̀, ní kí àwọn oníbàárà l'Amẹ́ríkà dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 29 dúróà padà torí ó ń wó lu ọmọdé, àwọn kan tiẹ̀ kú. Ọmọ á fa méjì mẹ́ta nínú àwọn àpótí inú ẹ̀ síta, á máa gùn ún bí àtẹ̀gùn, gbogbo ẹ̀ á wá dojú dé e. Èmi náà fa tèmi lánàá, ṣe ló ń mì, bẹ́ẹ̀ aṣọ díẹ̀ ló wà nínú ẹ̀ o! Ẹni tó wá ra àlòkù ńkọ́, ta ló máa sọ fún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá wa tẹ orúkọ àwọn ọjà tí wọ́n bá ní ká dá padà sínú ìwé ìròyìn yín. Èmi ti kàn án mọ́ ògiri ní tèmi.