Ìpàdé Sátidé: Òfin Tó Fẹ́ Pa Wá Lẹ́nu Mọ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

A ó pàdé ní Sátidé tó ń bọ̀, aago 4 ìrọ̀lẹ́, níbi tí a ti máa ń ṣe é. Òfin ọ̀rọ̀ ìkórìíra nìkan la fẹ́ sọ.

Ẹ ó rántí àbá tí Sẹ́nétọ̀ Aliyu Sabi Abdullahi gbé wá lọ́dún 2019, pé kí wọ́n yẹgi fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ìkórìíra rẹ̀ bá ṣokùnfà ikú. Aráàlú pariwo, àbá náà kò di òfin. Àmọ́ òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n tún abala 24 rẹ̀, èyí tó dá lórí ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣe ní 2024, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń fi í gbé èèyàn.

Ẹ mọ ohun tójú ọ̀kan nínú wa rí. Omi ẹ̀rọ tí kò yọ ló kọ nípa rẹ̀ sórí WhatsApp, ó sun àhámọ́ òru méjì. Èmi ni mo gbé ìrẹsì lọ fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè di ṣíbí mú.

A kò gbè sẹ́yìn ẹni tó ń ní kí wọ́n pa ẹ̀yà kan o. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa pinnu ohun tó jẹ́ ìkórìíra? Ṣé ẹni tí à ń bá wí náà ni?

Ẹ ka abala 39 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, èyí tó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò ọkàn wa, kí ẹ tó wá. Ẹ tètè dé, a fẹ́ kọ lẹ́tà sí aṣòfin wa kí ilẹ̀ tó ṣú.

Akọ̀wé ẹgbẹ́