Ẹ fún Áńgẹ́lì láyè nínú ìwé ìròyìn yín

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ àdììtú Áńgẹ́lì àti Sàtánì fún àwa òǹkàwé. (Mi ò pè é ní Èṣù, Èṣù kì í ṣe Sàtánì.) John Conway, onímọ̀ ìṣirò, ló sọ ọ́ di mímọ̀ ní 1982. Pátákó olójú púpọ̀ ni, kò lópin. Áńgẹ́lì ń rìn; Sàtánì ń dí ojú kan pa lẹ́ẹ̀kan, kó lè há a mọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi nítòsí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu ní Benin, mo fi ẹfun fa ilà sórí tábìlì, bọ́tìnnì dúdú ni mo fi ń dí ojú. Ọmọ iṣẹ́ mi ni Áńgẹ́lì; ìṣísẹ̀ kan péré ló ń gbé, mo sì há a mọ́. Ó ní kí n jẹ́ kó máa gbé méjì. Títí ilẹ̀ fi ṣú, ọwọ́ mi ò tẹ̀ ẹ́! Ní 2006 ni àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, Kloster àti Máthé, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fi hàn pé Áńgẹ́lì tó bá ń gbé méjì kò lè há mọ́.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan, Kétu